Kámẹ́rà Tí Mo Rà fún Abẹ́rẹ́ Bàbá Mi

Ìbéèrè ni wọ́n bí mọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Tudun Wada ní Minna, ìyá mi a máa sọ fún àlejò pé kó tètè jẹun kí n tó dé, torí pé bí mo bá dé, kò ní í ráyè gbé òkèlè mì. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ọmọ mi ti wọ yunifásítì, ìwà náà ò tíì fi mí sílẹ̀. Wọ́n kúkú ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí wọn ò sọ ni pé abéèrè-ọ̀nà lè pẹ́ kó tó dé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ láyé mi.

Bàbá mi ni mo tìtorí wọn rà á. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ wọn, Ìlọrin ni wọ́n sì ti kọ́ ọ kí wọ́n tó wá tẹ̀dó sí Minna. Ọrùn àti àyà agbádá ni wọ́n máa ń fi òwú ṣe ọnà sí. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀rọ kò débẹ̀ rí. Gbogbo ọnà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn, àfi ẹyọ kan tí àwọn fúnra wọn gbé kalẹ̀, tí wọ́n pè ní Ọ̀nà Eèrà. Òwú kan náà ló ń rìn láti ọrùn wá sí àyà, á yí, á pọ́n, á padà sẹ́yìn, ojú ò sì ní í rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Wọ́n ní àwọn ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni níyẹn, torí òun ni àwọn máa fi jẹun lọ́jọ́ ogbó.

Ọjọ́ ogbó dé, ó sì mú àrùn ojú dání. Dókítà ní ìfúnpá inú ẹyin ojú ló ń pa á díẹ̀díẹ̀, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ṣókùnkùn bọ̀ wá sí àárín. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní í padà, oògùn tí a ń kán sí i kàn lè dá èyí tó kù dúró fúngbà díẹ̀ ni. Bàbá mi gbọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì délé wí pé dókítà yẹn ò mọ nǹkan kan. Ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan, iná ìjọba ni kò mọ́lẹ̀ tó. Nígbà tí a ra iná sólà, wọ́n ní funfun tìyẹn ti pọ̀ jù.

Ẹ̀rù bà mí. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí wọn ò ti fọwọ́ kan agbádá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ wọn àtijọ́, tó ti di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Dutsen Kura, ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n kọ́ òun ní Ọ̀nà Eèrà. Wọ́n ní kí ló ń lé e, ṣé wọ́n sọ fún un pé àwọn ń kú lọ ni? Bí ojú yẹn bá sì ti ṣú tán, iṣẹ́ náà bá a lọ nìyẹn.

Agbádá kan ṣoṣo tó ní ọnà yìí lára ló kù tí a mọ ibi tó wà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló ni ín, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní àdúgbò Nassarawa. Àwọn náà ti fẹ́ gbé e fún àkọ́bí wọn tó ń gbé òkè òkun, tó máa wá sílé ṣọdún Iléyá. Wọ́n ní kí n wá mú un, kí n ya fọ́tò rẹ̀ kó tó lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ náà gbé e lọ. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọ̀.

Fóònù mi ò wúlò fún irú rẹ̀. Bó bá ya ènìyàn, á jẹ́ kó dán ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ya fìlà bàbá mi kan láti ìtòsí, ó po gbogbo òwú ara rẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo bi àwọn ará ọ́fíìsì. Ọ̀kan ní kí n ra irú èyí tí àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ń gbé kọ́rùn. Èkejì ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí n máa wò, pé bó bá ti pọ̀, ó ti dára nìyẹn. Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà náà ń kà. Kò mọ̀. Mo tún bi í bóyá ohun tó ń kà yẹn wúlò fún òwú. Ó ní òun ní fáìlì tí òun fẹ́ gbé fún ọ̀gá.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá onífọ́tò kan ní Tudun Wada níbẹ̀, tí wọ́n ń ya páásípọ́ọ̀tù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti máa ń wọ kẹ̀kẹ́. Ọmọ Ìlọrin ni àwọn náà, àmọ́ wọ́n ti pẹ́ nílùú yìí débi pé Hausa ni wọ́n fi ń lálàá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tú ìbéèrè sílẹ̀ bí ẹni tú àpò ẹ̀wà: ti nọ́ńbà, ti súùmù, ti orúkọ tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

“Haba! Kí lo fẹ́ yà ná?”

“Ọnà ara agbádá ni, bàbá.”

“Báwo lo ṣe máa sún mọ́ ọn tó?”

Mo gbé ìka kan dúró láàárín ojú mi àti ọwọ́ mi kejì. “Tó báyìí. Mo fẹ́ rí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“To, ó dáa. O ti ra kámẹ́rà tán nìyẹn, ó ku kí o rí i. Mú fìlà ọlọ́nà kan dání lọ sọ́jà. Kámẹ́rà tó bá rí òwú ara rẹ̀ ni tìrẹ. Èyí tí kò bá rí i, bí wọ́n fi wúrà ṣe é, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.”

Wọ́n fi kún un pé kí n kọ ojú kámẹ́rà sí oòrùn kí n yẹ inú rẹ̀ wò, pé bí mo bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn níbẹ̀, olú ti hù sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí n béèrè irú bátìrì tó ń lò, kó jẹ́ èyí tí mo lè rí rà ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Àti pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí bọ́tìnnì ara rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó lè rántí lọ. Mo fẹ́ béèrè ìdí ẹ̀, àmọ́ oníbàárà kan ti jókòó síwájú aṣọ pupa, ó ń fi ọwọ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Àpò mi ò gba tuntun, tòkunbọ̀ ni mo wá lọ. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan nínú ọjà tí wọ́n to kámẹ́rà sínú àpótí gíláàsì láàárín fóònù àti ṣájà. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní àwọn ọ̀dọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n báyìí, pé fóònù ti sú wọn.

“Hajiya, sannu da zuwa,” ló fi kí mi. Mi ò dé Mẹ́kà rí, àmọ́ Hajiya ni gbogbo obìnrin tó bá wọ híjáàbù lójú ẹni tó fẹ́ tajà.

Ó kọ́kọ́ gbé ńlá kan wá, tí ojú rẹ̀ gùn síta gbọọrọ. “This one, from here you fit snap person wey dey Bosso.”

Mo ní mi ò fẹ́ ya ẹnikẹ́ni ní Bosso. Mo yọ fìlà bàbá mi jáde, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo gbé kámẹ́rà náà sún mọ́ ọn. Ó ń kùn, ojú rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò rí nǹkan kan. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ṣì ń wá fìlà. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló tó rí i. Ó rí fìlà, ó rí ọmọkùnrin náà, ó rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Òwú nìkan ni kò rí.

Èkejì fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó wù mí gan-an, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba. Mo bi ọmọkùnrin náà ibi tí n ó ti rí òmíràn tí tibẹ̀ bá kú. Ó ní, “Allah zai kawo,” pé Ọlọ́run á pèsè rẹ̀. Mo ní àmín, mo sì dá a padà fún un.

Ẹ̀kẹta ò tó nǹkan lójú. Ó kéré, àwọ̀ eérú ni, ara rẹ̀ ti họ, bátìrì méjì irú èyí tó wà nínú aago ògiri ilé wa ló sì ń lò. Mo wo inú ojú rẹ̀ sí oòrùn, kò sí aláǹtakùn níbẹ̀. Mo rí òdòdó kékeré kan tí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kan. Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ni òdòdó ń ṣe lára kámẹ́rà. Ó ní fún àwọn tó bá fẹ́ ya òdòdó ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sún mọ́ fìlà náà títí ó fi ku bí ìka kan. Kámẹ́rà náà ké pín-ín. Nígbà tí mo wo síkíríìnì ẹ̀yìn rẹ̀, òwú kọ̀ọ̀kan dá dúró láàyè ara rẹ̀, mo tiẹ̀ rí irun wẹ́wẹ́ tó hù lára òwú.

“Wallahi!” Ọmọkùnrin náà pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá wo nǹkan tí òun ń tà. Inú mi dùn débi pé mi ò ná an dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ. Mo fi èyí tó kù kọ́ ọ. Mo ya hóró ìrẹsì, mo ya ẹ̀fọn lára kọ́tìnnì, mo ya gààrí nínú abọ́. Mo rí i pé bí mo bá jẹ́ kí kámẹ́rà tan iná tirẹ̀, òwú funfun lórí aṣọ funfun á di pẹrẹsẹ. Bí mo bá pa iná náà tí mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, òwú á ní òjìji, á dìde. Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n bí mo bá ń tẹ bọ́tìnnì, títí mo fi rí àmì aago kan tó ń jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó tó yà á. Bàbá mi gbọ́ gbogbo ariwo yìí láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé gààrí yẹn rẹ́rìn-ín nígbà tí o yà á?”

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí ọmọ Bàbá Nassarawa padà sókè òkun, mo lọ gba agbádá náà. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó má ní ìwúnjọ kankan, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ó lé ní igba fọ́tò tí mo yà, ìlà lórí ìlà. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Yà á tán o. Má ṣẹ́ nǹkan kan kù.”

“Mo ti yà á tán, Bàbá.”

Bí mo ṣe ń ká a, apá kan rẹ̀ yí padà, mo rí inú rẹ̀: òwú tó kọjá lórí ara wọn, kókó wẹ́wẹ́, ìrù òwú tí wọ́n gé kù. Mo yára dà á bò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. A kì í fi inú aṣọ han ènìyàn, àgàgà aṣọ àgbàlagbà. Ẹni tó bá wọ aṣọ lódì, wọ́n á béèrè bóyá nǹkan ń ṣe é. Mo dá agbádá náà padà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì sùn dáadáa.

Ọ̀gá Dutsen Kura, ọmọṣẹ́ bàbá mi àtijọ́ yẹn, wá lọ́jọ́ kejì. Ó gba kámẹ́rà, ó ń wo fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yìn mí, mo ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wò ó títí dé ìparí, ó tún padà síbẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn kí ni?”

Ó ṣí fìlà orí ara rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta fún mi. Ó ní ojú aṣọ á sọ ibi tí òwú dúró sí fún ènìyàn, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń sọ ibi tó gbà débẹ̀, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní ẹ̀yìn ni gbogbo oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò, ó sì rò pé mo mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé abẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò mọ̀. Mo pe Bàbá Nassarawa lórí fóònù, wọ́n ní ọmọ àwọn ti wà lójú òfuurufú.

Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà, mo kọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó yí agbádá yẹn padà, kó ya inú rẹ̀ fún mi. Kò dáhùn. Mo tún kọ̀wé. Nígbà tí oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ó ti fún àwọn tó ń ṣe férémù, wọ́n ti lẹ ẹ̀yìn agbádá náà mọ́ pákó, wọ́n fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, ó ti gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò òun kì í yé yìn ín. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò tijú láti sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi béèrè ọ̀rọ̀ kámẹ́rà lọ́wọ́ gbogbo ayé, mi ò bi bàbá tó bí mi ní ẹyọ ìbéèrè kan nípa abẹ́rẹ́.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, mo sì jẹ́wọ́. Mo ti múra fún ìbínú.

“Ṣé o tiẹ̀ rí ẹ̀yìn rẹ̀ rárá?” ni wọ́n béèrè.

“Mo rí i nígbà tí mò ń ká a, Bàbá.”

“O sì bò ó.”

“Mo bò ó. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣílẹ̀kùn bá àgbàlagbà nílé ìwẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú wọn fi yọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé e padà sójú. Wọ́n ní, “Ra aṣọ funfun wá. Mo máa tún un rán. Ìwọ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.”

Bí mo ṣe di ẹni tó ń sùn sábẹ́ aṣọ nìyẹn. A so etí aṣọ náà mọ́ àga mẹ́rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní nísàlẹ̀, kámẹ́rà wà lókè imú mi. Ọ̀gá Dutsen Kura máa ń yà lówùúrọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, á fi òwú sínú abẹ́rẹ́ bí ogún sílẹ̀ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi òwú dúdú rán an, kí kámẹ́rà lè rí i. Mo rò pé wọ́n á kọ̀. Wọ́n gbà lójú ẹsẹ̀. “Torí ẹ̀rọ rẹ ni o,” ni wọ́n wí.

Mi ò wo iṣẹ́ bàbá mi láti ibẹ̀ yẹn rí. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń gba inú aṣọ wọlé, òjìji ọwọ́ wọn ń rìn lórí rẹ̀. Ẹnu abẹ́rẹ́ á yọ, á dúró díẹ̀, á padà sókè. “Yà á,” wọ́n á ní. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó yọ. Wọ́n ní àtàǹpàkò àwọn ti máa ń wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Mo wá wò ó dáadáa, òótọ́ ni, àtàǹpàkò òsì ló ń ṣáájú nígbà gbogbo. Inú mi ń dùn níbẹ̀, ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò sì fẹ́ kó parí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ mọ̀ tí mi ò lè béèrè: kí ni wọ́n ń rí? Lọ́jọ́ karùn-ún, mo jáde lábẹ́ aṣọ, mo gbé kámẹ́rà fún wọn pé kí wọ́n wo bí ẹ̀yìn iṣẹ́ náà ṣe hàn. Wọ́n yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n tún yí i sódì kejì, bí adìyẹ tó ń wo ọkà. “Ó dára,” ni wọ́n wí. “Òwú yẹn jókòó dáadáa.” Mo gba kámẹ́rà padà. Fọ́tò gààrí ni mo ṣèèṣì ṣí. Mo padà sábẹ́ aṣọ, mo sì jẹ́ kí omijé mi gbẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi parí rẹ̀. Ọ̀gá Dutsen Kura gba mẹ́mọ́rì kámẹ́rà, ó ṣí fọ́tò náà lójú tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀, ó ń rán an díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Oṣù méjì kọjá kí ó tó gbé tirẹ̀ wá, òwú funfun lórí aṣọ funfun, tí ó dára lójú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pariwo. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi lé bàbá mi lọ́wọ́.

Wọn ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n yí sókè, wọ́n sì fi àtàǹpàkò lé e láti ọrùn. Àtàǹpàkò náà ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí níbi tó yẹ kó yí, ó padà níbi tó yẹ kó padà. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀ kan ní àyà, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀, ó tún dúró.

“Ta ló fo ibí?”

Ọ̀gá Dutsen Kura wo ilẹ̀. “Ẹ̀yin ni, Bàbá. Bó ṣe wà nínú fọ́tò nìyẹn. Mi ò lè yí iṣẹ́ yín padà.”

“Bóyá kámẹ́rà ló...” ni mo bẹ̀rẹ̀.

“Kámẹ́rà kọ́.” Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ẹní. “Ojú mi ò rí ibẹ̀ mọ́.”

Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, a ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu wọn.

“Tú u,” wọ́n sọ fún un. “Má rán ojú mi mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ni kí o rán.”

Wọ́n ní kó sún mọ́ àwọn. Wọ́n wá àtàǹpàkò òsì rẹ̀ kàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ náà, wọ́n sì fà á lọ síbi tó yẹ kí òwú gbà.